Owó Oṣù Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Àìríṣẹ́: Ta Ni Ó Ni Ín?

Bí ẹnì kan bá dìde nínú ìpàdé wa, tí ó ní òun ti rí iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì tí òun ti jókòó sílé, àtẹ́wọ́ ni gbogbo ilé máa ń pa. Ìyá rẹ̀ á dúpẹ́, aya rẹ̀ á dúpẹ́, àwọn ọmọ á máa fò fáyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ lọ́jọ́ ìdùnnú bẹ́ẹ̀, òun ni a fẹ́ sọ lónìí: owó oṣù àkọ́kọ́ tí ẹni náà yóò gbà, ta ni ó ni ín?

Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé, "Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni ó ni owó." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ní gbogbo oṣù tí kò fi sí iṣẹ́, ilé kò sùn láìjẹun. Ẹnì kan ni ó ń ra gààrì. Ẹnì kan ni ó san owó ilé ìwé. Onílé ni ó ní sùúrù. Kí owó náà tó wọ báńkì rárá ni ó ti ní olówó. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè gba owó oṣù mẹ́ta gbáko, kí ó sì bá ara rẹ̀ nínú gbèsè tí ó ju ti ìgbà àìríṣẹ́ lọ.

IṢẸ́ ÌLÚ YÌÍ Ń KÚN, Ó SÌ Ń FÀ

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní Warri mọ̀ pé iṣẹ́ ibí dà bí omi odò rẹ̀: bí ó ti ń kún ni ó ń fà. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ilé ìfọpo tí ó wà ní Ekpan. Ní 1982 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ irin ńlá ti Ovwian-Aladja. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jíjó irin, iṣẹ́ iná tàbí iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà kì í pẹ́ kí ó tó rí iṣẹ́. Nígbà tí ó di 2005, ìjọba ta ilé iṣẹ́ irin náà. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 1997, tí ó tún le gan-an ní 2003, mú kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ epo kó ọ́fíìsì wọn lọ sí ibòmíràn. Ní 30 Oṣù Kejìlá 2024, a gbọ́ ìkéde pé ilé ìfọpo Ekpan ti padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí Oṣù Kíní 2025 tó parí, ó tún ti dúró.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí fi jẹ́ iṣẹ́ kọ́ńtírátì: oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, bóyá ọdún kan. Kì í ṣe láti dẹ́rù bani ni a ṣe ń sọ ọ́. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó rí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà tí ó ń ná owó bí ẹni tí ó rí iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Bí iṣẹ́ bá wá gùn ju bí a ti rò lọ, èrè ni. Bí ó bá sì parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kò ní bá wa lójijì.

KÍ OWÓ ÀKỌ́KỌ́ TÓ DÉ

Oṣù àkọ́kọ́ ni ó máa ń nira jù. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, owó kò tí ì dé, ìnáwó sì ti pọ̀ sí i. Owó ọkọ̀ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ wà níbẹ̀. Bàtà iṣẹ́ wà níbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ abẹ́ kọ́ńtírátọ̀ ni ènìyàn wà, ó lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó fi ojú kan owó, nítorí òmíràn nínú wọn kì í san án títí tí òun náà yóò fi gba tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọ iṣẹ́, ẹ béèrè ohun mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀wọ̀: èló ni owó náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ohun tí wọn yóò yọ, ọjọ́ wo ni wọn yóò san án, ìgbà wo ni iṣẹ́ yóò parí? Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tí ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní ìwé tí ó ṣe àlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó pé. Òfin kan náà sọ pé gbogbo ohun tí wọn yóò máa yọ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ. Ẹ fi ìdá mẹ́ta kan yìí sọ́kàn, a óò padà bá a.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì náà wà níbẹ̀. Òfin 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dá owó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀: òṣìṣẹ́ yóò dá ó kéré tán ìdá 8 nínú 100, ọ̀gá yóò dá ìdá 10. Ẹni tí ó ti ní nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ àtijọ́ kò gbọdọ̀ ṣí òmíràn. Nọ́ńbà kan náà ni yóò mú lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Ó ṣe wá láàánú pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní owó tí ó sùn síbẹ̀ tí wọ́n ti gbàgbé.

Ohun kan wà tí a bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ṣe ní oṣù àkọ́kọ́ yìí: ẹ má fi owó tí ẹ kò tí ì gbà yá owó. Láyé àtijọ́, ṣogúndogójì ni a ń pe ẹni tí ń yáni ní ogún kí ó lè gba ogójì. Orí fóònù ni ó ń gbé lóde òní. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò fi yáni lówó, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ kì í sùn. Bí ọjọ́ bá sì yẹ̀, òmíràn nínú wọn a máa fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí àna àti ọ̀gá ẹni. Láti 2022 ni àjọ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, ti ní kí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì dẹ́kun dídójú ti ènìyàn. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá yá a rárá ni ó sinmi jù. Owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ yá yín láìlélé.

Ẹ KỌ GBOGBO GBÈSÈ SÍLẸ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kan kí owó tó dé, kí ọkọ àti aya jókòó pẹ̀lú ìwé àti gègé. Kí wọ́n kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, kékeré àti ńlá, láìfi ọ̀kan pamọ́. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀ ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a fi Lágbájá ṣe àpẹẹrẹ. Lágbájá kò ríṣẹ́ fún oṣù 14. Ó wá rí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, owó tí ó ń wọ ọwọ́ rẹ̀ lóṣù sì jẹ́ 120,000 náírà. Nígbà tí òun àti aya rẹ̀ kọ gbèsè wọn, báyìí ni ó rí: ayánilówó orí fóònù, 30,000, àwìn ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, 20,000, owó ilé ìwé àwọn ọmọ, 40,000, onílé, 90,000, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Ìlọrin, 40,000. Ó fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 220,000.

Aya rẹ̀ ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ kò tí ì kọ ọ́ tán."

Ó ní, "Kí ni ó tún kù, Ìyá Ṣadé?"

Ó dáhùn pé, "Ojú owó mi ni."

OJÚ OWÓ ÌYÁ ILÉ

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé wa ni ó ń ta ọjà ní Igbudu, ní Pessu, tàbí níwájú ilé ní òpópónà Jakpa àti Okumagba. Ẹlòmíràn ń ta ata àti tòmátì, ẹlòmíràn ń ta èlùbọ́, aṣọ tàbí ọṣẹ. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, èrè ọjà ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí èrè kò tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ojú owó. Lónìí a yọ 2,000 fún oògùn ibà, lọ́la a yọ 5,000 fún ìwé ọmọ. Àpò àlùbọ́sà mẹ́ta di ọ̀kan, ọ̀kan di abọ́ mẹ́rin lórí tábìlì. Obìnrin náà kò pariwo, kò sì sọ fún ará ilé rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ojú ti ọkọ òun.

Gbèsè ni èyí. Kò sí ìwé rẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí, olówó rẹ̀ kì í sì kanlẹ̀kùn láàárọ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé òun ni a máa ń gbàgbé. Bí owó oṣù bá dé, a ó san ti ọ̀rẹ́, a ó san ti onílé, ìyàwó á ní "ẹ kú iṣẹ́", abọ́ mẹ́rin á sì wà lórí tábìlì bí ó ti wà. Bí kọ́ńtírátì bá wá parí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ni ilé náà yóò dì mú? Kò sí iṣẹ́, kò sí ọjà. Ìyà kejì á wá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdí tí a fi sọ pé kí ojú owó ìyá ilé wà lára ohun tí a kọ́kọ́ san nìyí. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ nìkan. Gbogbo gbèsè yòókù, bí a bá san án tán, ó tán nìyẹn. Èyí nìkan ni ó jẹ́ pé bí a bá san án, òun náà á tún máa mú owó wọlé. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ó rí iṣẹ́, tí ó sì jẹ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí irinṣẹ́ ọkọ ni wọ́n tà jẹun, bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí.

BÍ A ṢE LÈ PÍN IN

Ojú owó Ìyá Ṣadé jẹ́ 100,000. Gbèsè ilé náà di 320,000. Wọ́n wá pín owó oṣù báyìí: ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, èyí tí í ṣe 40,000, fún gbèsè. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kan, 12,000, fún ìpamọ́. Ó ku 68,000 fún ilé: oúnjẹ 40,000, owó ọkọ̀ 18,000, iná, ọṣẹ àti fóònù 10,000. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fi ohun tí ó kéré sí i gbé ilé fún oṣù 14, ọgbọ́n ìgbà náà kò sì tí ì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ má ṣe yára gbàgbé ọgbọ́n ìgbà àìríṣẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́ ni ìgbà tí a ń pààrọ̀ àga tàbí fóònù.

Báwo ni wọ́n ṣe san gbèsè? Oṣù kíní: 30,000 fún ayánilówó orí fóònù kí èlé lè dúró, 10,000 fún ṣọ́ọ̀bù. Oṣù kejì: 10,000 tí ó kù fún ṣọ́ọ̀bù, 30,000 fún ojú owó. Oṣù kẹta: 40,000 fún ojú owó. Oṣù kẹrin: 30,000, ojú owó pé, 10,000 fún ilé ìwé. Oṣù karùn-ún: 30,000 fún ilé ìwé, ó parí, 10,000 fún onílé. Oṣù kẹfà: 40,000 fún onílé. Nígbà tí kọ́ńtírátì parí, ó ku 40,000 ti onílé àti 40,000 ti ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n 72,000 wà ní ìpamọ́, ọjà sì ti kún tábìlì láti oṣù kẹrin. Ilé náà lè mí.

Kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yí padà. Bí onílé bá ti fún yín ní ìwé pé kí ẹ kó jáde, onílé á bọ́ síwájú. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, ilé ìwé á bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n kí èyí tí ó ní èlé ṣáájú, kí èyí tí ń mú owó wọlé tẹ̀ lé e, kí ti ẹni tí ó lè mú sùúrù wá sí ẹ̀yìn.

Ẹ LỌ BÁ OLÓWÓ KÍ Ó TÓ WÁ BÁ YÍN

A ti gbọ́ nípa àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò ará Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ sísan bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ojú tí ó máa ń ti onígbèsè lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nítorí pé kò lówó nìkan, bí kò ṣe pé ó ti ń sá.

Ẹ má sá. Ní ọ̀sẹ̀ tí owó àkọ́kọ́ bá dé, ẹ lọ bá olúkúlùkù àwọn tí ẹ jẹ lówó, kódà bí kò bá tí ì kàn án. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni onílé, ìbáà ṣe ọmọ Urhobo tàbí Itsekiri, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ mú sùúrù fún wa. Iṣẹ́ ti dé. Láti oṣù karùn-ún ni èmi yóò bẹ̀rẹ̀ sí san án, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀." Fún ọ̀rẹ́ ní Ìlọrin, ẹ pè é lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, n kò gbàgbé. Ẹ fún mi di ìparí ọdún." Olówó tí ó mọ ọjọ́ tí a ó san owó rẹ̀ kì í sábà bínú bí ẹni tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé onígbèsè òun ti ríṣẹ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá sì dá, ẹ má jẹ́ kí ó yẹ̀.

ÀWỌN ARÁ ILÉ ÀTI AṢỌ ẸBÍ

Ojú ìwé ìròyìn ẹbí nínú ìwé wa yìí máa ń kún fún ìkómọjáde, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà. A ń bá gbogbo wọn yọ̀, a sì ń bá àwọn tí ó ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a máa ń tètè pè fún aṣọ ẹbí bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́. Àbúrò á pè láti Ọ̀ṣogbo, ẹ̀gbọ́n ìyá á pè láti Ọ̀wọ̀. A kì í sọ pé kí ẹ di ọ̀tá ẹbí. Ìyá tí ó gbààwẹ̀ fún yín, ẹ fi nǹkan dá a lọ́lá. Ìdúpẹ́ Ọlọ́run, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ ṣe é bí agbára yín ti mọ. Fún àwọn yòókù, ẹ lè wí pé: "Mo wà pẹ̀lú yín, màá wá, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo ní ni màá wọ̀." Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí ẹgbẹ́ náà ran ara wa lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́fà kọjá kí a tó fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tí yóò dáwó ńlá.

ÀJỌ ÀTI ÈSÚSÚ

Ìpamọ́ 12,000 náà, níbo ni kí ó wà? Àwọn bàbá wa ti ní ìdáhùn tipẹ́. Samuel Johnson kọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó jáde ní 1921. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun pàápàá kò gbàgbé rẹ̀: ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó èsúsú, gbèsè ni ó jẹ. Ẹni tí ó kó o gbẹ̀yìn ni ó fi pamọ́. Bí kọ́ńtírátì yín bá jẹ́ oṣù mẹ́fà, ẹ má wọ èsúsú ènìyàn méjìlá tí ń dáwó lóṣooṣù, kí iṣẹ́ má baà parí nígbà tí ó ṣì ku oṣù mẹ́fà tí ẹ gbọ́dọ̀ dá. Ti alájọ ojoojúmọ́ dára fún ìyá ọlọ́jà, nítorí owó ọjọ́ kan lóṣù ni alájọ sábà máa ń gbà fún iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sá ti mọ ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà dára: láti 1935 ni òfin wọn ti wà ní Nàìjíríà. Owó tí ẹ fẹ́ kí ó pẹ́, ẹ gbé e lọ sí báńkì. Láti 2024, bí báńkì ńlá kan bá wó, àjọ NDIC lè san tó mílíọ̀nù 5 náírà padà fún oníbàárà kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ìpamọ́ bá tó oúnjẹ oṣù mẹ́ta, ìgbà náà ni kí a tó sọ̀rọ̀ àga tuntun.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí iṣẹ́ bá dé fún, kí ó jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́, kí a lè bá a yọ̀ nínú ìwé wa. Kí ó sì lọ sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó bi ìyá ilé rẹ̀ léèrè pé: "Èló ni ojú owó rẹ tí a jẹ?" Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣe iṣẹ́ àṣedànù, kí ó sì pèsè fún gbogbo àwọn tí ó ṣì ń wáṣẹ́ láàárín wa. Àmín.